Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Houston: ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìpẹja flounder kúrò ní Thanksgiving

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ń ṣètò ìgbafẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú àwọn tí kì í tètè dá owó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú lẹ́tà yìí, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Ẹ má ṣe kó èèyàn lọ sí Galveston, ìlú etíkun tó wà nítòsí wa, ní ìsinmi Thanksgiving tó máa ń bọ́ sí ìparí oṣù Kọkànlá, torí ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní flounder mọ́. Láti ọdún 2021 ni òfin Texas ti ti ẹja yìí pa láti ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá títí di ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan lọ sílé, ìbáà jẹ́ ìwọ̀ ló fi pa á, ìbáà jẹ́ ọ̀kọ̀. Àwọn tó ń pẹja tà pàápàá, òfin náà ká wọn mọ́. Bọ́ọ̀sì tó bá gbé ogójì èèyàn lọ síbẹ̀ ní àsìkò yẹn, kúlà òfìfo ló yẹ kó gbé padà. Bí kúlà kò bá sì ṣófo, game warden, ìyẹn ọlọ́pàá ìjọba tó ń ṣọ́ ẹja àti ẹran ìgbẹ́, lè dúró lẹ́nu ọ̀nà Seawolf Park, ibi ìpẹja kan ní Galveston, kì í bèèrè pé ta ni alága.

Ó tọ́ kí a sọ ìdí tí ó fi jẹ́ àsìkò Thanksgiving gan-an ni àwọn èèyàn máa ń lọ láyé ọjọ́un, torí pé ìdí yẹn náà ni ìjọba ṣe tì í.

Flounder tó wà ní etíkun Texas, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Paralichthys lethostigma, bá ẹja sole tí a mọ̀ lọ́jà Èkó tan. Ó pẹlẹbẹ bí àwo, ojú rẹ̀ méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ kejì sì funfun. Nígbà tó wà ní ọmọ wẹ́wẹ́, òòró ló ń wẹ̀ bí ẹja yòókù, ojú kan níhìn-ín, ojú kan lọ́hùn-ún. Bó ti ń dàgbà ni ojú ọ̀tún á rọra rìn gba orí kọjá wá bá ti òsì, ẹja náà á wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó parí nìyẹn. Ó máa ń gbọn iyanrìn bo ara rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á yí bá ilẹ̀ tó sùn lé, ojú méjì nìkan ló máa ń yọ síta bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọdẹ tó ń lúgọ ni, kì í lé ẹran. Mullet kékeré (ẹja wẹ́wẹ́ kan) tàbí edé tó bá kọjá níwájú rẹ̀ ló máa ń fò mọ́.

Inú ọ̀sà ló ń gbé láti ìgbà tí òtútù bá ti ń lọ títí ooru yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn tútù bá bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti àríwá, láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá, àwọn tó ti tó bímọ á bẹ̀rẹ̀ sí jáde lọ sínú Gulf láti lọ yé ẹyin. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde kò pọ̀. Gbogbo ẹja tó ti fọ́n ká sí ọ̀sà Galveston láti oṣù mẹ́sàn-án ló máa ń fún ara wọn gba ọ̀nà tóóró kan náà. Ó dà bíi kéèyàn dúró lẹ́nu tollgate ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì: kò sí ẹni tí kò ní kọjá níwájú yín. Ẹni tí kò mọ ìwọ̀ dè pàápàá máa ń rí nǹkan mú. Ohun tó sì ń mú ni aboyún tó ń lọ síbi tí yóò bí sí.

Ẹ wo bí òfin ṣe ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni ń sọ àkàbà. Láti 1996, ẹnì kan lè mú 10 lóòjọ́, bí ó bá ṣáà ti gùn tó 14 íǹṣì. Ní 2009 wọ́n sọ ọ́ di 5. Ti oṣù Kọkànlá di 2 péré, wọ́n sì fòfin de ọ̀kọ̀ nínú oṣù náà. Ní 2014 wọ́n fa 2 yẹn wọ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Ní 2020 gígùn di 15 íǹṣì. Ìgbà tó di 2021, wọ́n ti ilẹ̀kùn pátápátá. Àwọn kan ń sọ pé ìjọba kàn fẹ́ gba ẹja lẹ́nu tálákà ni. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko, máa ń ju àwọ̀n ìwádìí sínú àwọn ọ̀sà, lọ́nà kan náà, lọ́dọọdún, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Àwọ̀n náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnì kankan, iye flounder tó ń bọ́ sínú rẹ̀ sì ti ń dín láti ọjọ́ pípẹ́.

Ká má purọ́, kì í ṣe ọ̀pá ìwọ̀ nìkan ló fà á. Àwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ́ edé nínú ọ̀sà pa ọmọ flounder tó tó àtẹ́lẹwọ́ lọ súà láyé ìgbà kan. Ìdí nìyí tí Texas fi ṣòfin ní 1995 láti máa ra ìwé àṣẹ àwọn ọlọ́kọ̀ edé inú ọ̀sà padà lọ́wọ́ wọn, kí ọkọ̀ lè dín kù. Ooru náà ń ṣe tiẹ̀, èyí ló sì yani lẹ́nu jù. Ọmọ flounder tí ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́ abo lè yí padà di akọ bí omi tó dàgbà sí bá gbóná jù tàbí tó tutù jù. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nínú ọpọ́n, omi tó wà ní 23°C ni abo ti pọ̀ tó. Bó bá di 18 tàbí 28, akọ ló máa ń gba ibẹ̀ kan.

Akọ flounder kì í sábà gùn ju 12 íǹṣì lọ. Abo ló ń tó 15, tó ń tó 20. Èyí tó wúwo jù tí Texas kọ sílẹ̀ rí ni ti Sabine Lake ní 1976, 13 pọ́ùn. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: òfin ní ká mú èyí tó bá tó 15 íǹṣì sókè, akọ kì í tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé abo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó ń wọ kúlà. Bí ooru bá ń sọ abo di akọ lábẹ́ omi, tí àwa náà sì ń ṣa ìwọ̀nba abo tó kù lókè, kí ni yóò ṣẹ́kù? Íǹṣì kan tí wọ́n fi kún un ní 2020 kì í ṣe ìnilára, ó fún ìyá ẹja láyè láti bímọ kó tó di tiwa.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Atẹ́gùn tútù kan tàbí méjì á ti fẹ́, ẹja á ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ìlẹ̀kùn sì ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Sabine Lake ní àsìkò náà kó ṣọ́ra o, torí ààlà Texas òun Louisiana gba àárín omi yẹn kọjá, Louisiana sì ti ń ti flounder tiwọn pa láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá títí dé ìparí oṣù Kọkànlá láti 2022. Florida náà ní ọjọ́ kan náà láti 2021. Alabama ń ti oṣù Kọkànlá pa láti 2019.

Ibi tí a ó lọ ńkọ́? Rollover Pass ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń dárúkọ, ọ̀nà omi tí wọ́n là gba ilẹ̀ tóóró Bolivar kọjá ní 1955, tí èèyàn ti ń dúró gba flounder ní èjìká sí èjìká. Ẹ gbàgbé ibẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dí i ní 2019, iyanrìn ló wà níbẹ̀ báyìí. Seawolf Park ní Pelican Island ló dára jù fún ẹgbẹ́ tó ní àgbà àti ọmọdé, torí pé ọkọ̀ ń dé ẹ̀gbẹ́ omi, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun ń gbà sì wà nítòsí. Texas City Dike wọ inú omi lọ tó máìlì márùn-ún, ààyè pọ̀, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ń yọ̀, kò sì sí ìbòòji. San Luis Pass lẹ́wà, ṣùgbọ́n omi ibẹ̀ ń fà bí ẹni ń fa èèyàn láṣọ. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ lọ. Ẹ má kó ọmọ ẹgbẹ́ tí kò mọ omi í wẹ̀ débẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ inú omi.

Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀pá gígùn àti òjé ńlá tí wọ́n fi ń ju ìwọ̀ jìnnà ni wọ́n ní, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi í sílé. Flounder kò sí lọ́nà jíjìn. Ó sábà máa ń wà ní bèbè níbi tí ilẹ̀ ti já wọ ibú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, lẹ́bàá koríko, tàbí lẹ́nu ojú odò kékeré tó ń tú sínú ọ̀sà. Ìgbà tí omi bá ń fà padà sí òkun ló dára jù, torí edé àti ẹja wẹ́wẹ́ tó wà nínú koríko á máa bá omi jáde, flounder á sì ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ibẹ̀ bí ẹni ń retí oúnjẹ àsè. Ẹni tó ju ìwọ̀ sí ogójì mítà ti ju ú kọjá ẹja.

Ọ̀pá tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù, ti tó. Reel tí a fi ń ká okùn, kó jẹ́ ìwọ̀n 2500 tàbí 3000. Okùn híhun 15 tàbí 20 pọ́ùn ló dára, torí kì í nà, ìka yín á sì mọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ so fluorocarbon (okùn líle tó mọ́ gaara) 20 pọ́ùn, íǹṣì 18 sí 24, mọ́ ìparí rẹ̀, nítorí eyín ẹja yìí mú.

Ìjẹ ààyè ni kí ẹ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ ki okùn bọ inú òjé tó rí bí ẹyin, tó ní ihò láàárín, ìdajì áúǹsì. Bí omi bá ń fà gidi, kó di odidi áúǹsì kan. Lẹ́yìn òjé ni swivel (irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́), lẹ́yìn swivel ni íǹṣì 18 fluorocarbon, lẹ́yìn rẹ̀ ni irú ìwọ̀ fífẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kahle, ìwọ̀n 1/0 tàbí 2/0. Ìdí tí òjé fi gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lórí okùn ni pé nígbà tí flounder bá gbé ìjẹ, okùn nìkan ni yóò fà, kò ní mọ̀ pé òjé wà níbẹ̀. Bí òjé bá dúró gbagidi, yóò gbọ́ ìwúwo rẹ̀, yóò sì tu ú. Ẹ fi ìwọ̀ gba ètè mullet kékeré tó tó ìka àárín, láti ìsàlẹ̀ sókè, kó lè máa mí. Tí ẹ bá gbé ìwọ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹ bá ti ń fà á á máa yí bí òkòtó, kò sí flounder tí yóò jẹ ìyẹn.

Ẹ jù ú, ẹ jẹ́ kó balẹ̀, ẹ fà á bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ dúró ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ẹ tún fà á. Kó máa kan ilẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ kò bá rí ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn lára òjé nígbà tí ẹ gbé e sókè, òkè orí ẹja ni ẹ ń bá kọjá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ẹja nìyí: flounder kì í já nǹkan gbà bíi catfish. Ó máa ń mú un sẹ́nu ni, á sì dákẹ́. Ohun tí ọwọ́ yín á gbọ́ ni pé nǹkan wúwo díẹ̀, bí ìgbà tí ìwọ̀ bá kọ́ àpò ọ̀rá tútù nísàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá já ọ̀pá sókè lójú ẹsẹ̀ á fa mullet tí eyín ti ya lára síta, á wá máa bú alákàn. Ẹ sọ ọ̀pá kalẹ̀, kí okùn dẹ̀ díẹ̀, ẹ rọra kà dé 8 tàbí 10. Ó ń yí orí ìjẹ sọ́nà ọ̀fun ni. Lẹ́yìn náà kí ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ wá fà á ṣinṣin, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú.

Jig, ìyẹn orí òjé tí ìwọ̀ wà lára rẹ̀, yàtọ̀. Ìdá mẹ́rin áúǹsì ló wọ́pọ̀, 3/8 bí omi bá yára. Ẹ fi ìrù rọ́bà íǹṣì 4 wọ̀ ọ́, funfun tàbí pínńkì. Gulp, irú ìjẹ rọ́bà kan tó ní òórùn lára, ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó sàn jù, àwa náà kò sì rí ẹni tó já a nírọ́. Rọ́bà kì í ṣe oúnjẹ, kò ní pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kíkà dé 2 ti pọ̀ tó kí ẹ tó fà á.

Bó bá wá dójú omi, ẹ má ṣe fi okùn gbé e. Èyí ni àṣìṣe tó ń dun èèyàn jù, torí ojú kòró-kòró ló ń ṣẹlẹ̀. Flounder á wọ́ bọ̀ bí àpò iyanrìn, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ó ti gbà. Bí orí rẹ̀ bá ti yọ síta omi, á gbọn ara lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ á fò jáde. Kí ẹlòmíràn ti ki àwọ̀n sínú omi ṣáájú, kí ẹ darí orí ẹja wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi àwọ̀n lé e láti ìdí ìrù, á fò síwájú ni.

Ọ̀kọ̀ kọ́ ni a kọ lẹ́tà yìí fún, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń wo fídíò rẹ̀. Láyé àtijọ́, àtùpà oníkẹrosíìnì ni wọ́n fi ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi tó kan orúnkún lóru, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ kejì. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ àti iná halogen gun orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ. Ní báyìí, LED àti bátìrì ló kù, kò pariwo, ilẹ̀ á sì mọ́ kedere bí ọ̀sán. Ẹja tí ì bá yè lábẹ́ àtùpà ni wọ́n ń rí. Yàtọ̀ sí àsìkò tí wọ́n ti ẹja yìí pa, ọ̀kọ̀ kò lòdì sófin. Àníyàn tiwa ni pé ọ̀kọ̀ kò ní àtúnṣe. Ìwọ̀ lè mú èyí tó jẹ́ 14½ íǹṣì, kí ẹ sì dá a padà láàyè. Ọ̀kọ̀ ti pa á kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, omi sì máa ń mú kí nǹkan tóbi lójú. Ẹni tí kò bá lè fi ojú wọn ẹja lábẹ́ omi kó fi ọ̀kọ̀ sílẹ̀.

Lórí wíwọ̀n: ẹ tẹ́ ẹja sórí rúlà, ẹnu ní pípadé kó kan igi níwájú, ẹ fún ìrù pọ̀ kó lè gùn dé ibi tó gùn dé, ẹ wá kà á. 15 kò ju 38 sẹ̀ńtímítà lọ pẹ̀lú díẹ̀. Bó bá fi ìlà tín-ínrín kù, ó kù nìyẹn, ẹ dá a padà. Ẹ má gé orí tàbí ìrù kankan títí ẹ ó fi délé. Márùn-ún ẹni kọ̀ọ̀kan, ti ẹni kọ̀ọ̀kan ni. Ìpín fún ìyàwó tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò mú ọ̀pá dání kò sí nínú òfin. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja tó ní ti omi iyọ̀ nínú, ìparí oṣù Kẹjọ ni ọ̀pọ̀ jù nínú ìwé náà sì máa ń kú lọ́dọọdún, kódà bó jẹ́ oṣù Keje lẹ́ẹ rà á. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ta ẹja tó fi ìwé ìgbafẹ́ pa, ìbáà jẹ́ fún olóúnjẹ ayẹyẹ ẹgbẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ títà.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ dá padà, ẹ fi omi ra ọwọ́ kí ẹ tó dì í mú, ẹ má fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Bí ìwọ̀ bá ti wọ ọ̀fun, ẹ gé okùn, ẹ má wá a jáde. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ẹ̀dọ̀, tó sì ní egbò lẹ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ omi ọ̀sà nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Kòkòrò Vibrio ń gba ojú egbò wọlé, láàárín ọjọ́ kan ó lè di iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó bá fẹ́ wọ́ ẹsẹ̀ nínú omi, kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, kí wọ́n má gbé e sókè, kí stingray, ẹja pẹlẹbẹ tó ní oró ní ìrù, lè gbọ́ kó sì sá.

Sísè rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ rọ̀ ju tilapia lọ. Ẹni tó bá jù ú sínú ọbẹ̀ ata ní tútù á fi ṣíbí wá egungun. Ẹ ha ìpẹ́ rẹ̀, ẹ là á lára lójú mẹ́ta, ẹ fi iyọ̀ àti ata sí i, ẹ gbẹ omi ara rẹ̀ dáadáa, ẹ dín in kó gan, kí ẹ tó bu ọbẹ̀ lé e lórí.

Bí Thanksgiving kò bá ṣeé yí padà torí ìsinmi àwọn ọmọ, ẹ ṣì lè lọ. Ẹ fi ẹja mìíràn tí wọ́n ń pè ní redfish ṣe é: mẹ́ta lóòjọ́, láti 20 sí 28 íǹṣì, kò sì sí títì. Flounder tó bá ṣèèṣì gbé ìwọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ojú rẹ̀ méjèèjì nínú àwọ̀n, kí ẹ dá a padà sínú omi.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn wa, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá ni kí ẹ kọ sí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì fi Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ pamọ́ fún ìyípadà. Ẹ wo ojú ọjọ́ láti ọjọ́rú. Bí atẹ́gùn àríwá líle bá máa fẹ́ lọ́jọ́ Sátidé gan-an, ẹ má lọ, omi á dàrú bíi tíì oníwàrà, yóò sì fà kúrò lẹ́sẹ̀ òkúta. Bó bá fẹ́ ní ọjọ́bọ̀, tó rọlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ ti bọ́ọ̀sì síwájú, kí ẹ dé ibẹ̀ wákàtí kan kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí fà.

Àwa tiyín, apẹja ìgbafẹ́ ní etíkun Texas.